Ogún Lítà Ẹ̀wà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni Sájẹ́ǹtì Kàrímọ́tù ti jókòó ti ìkòkò náà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe wọn kìlò mẹ́rìnlélógún ẹ̀wà gbígbẹ nínú sítọ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣà á, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á sínú omi, ojú rẹ̀ náà ni ó ṣe jinná. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bù ú sínú àwọn korobá oníke tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba lítà mẹ́wàá. Korobá kìn-ín-ní kún. Èkejì kún. Nígbà tí ẹ̀wà dé ọrùn korobá kẹfà, ìgbákọ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Mẹ́fà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì wí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó mú bírò àti ìwé lọ́wọ́. "Mẹ́jọ ni ó yẹ kó jẹ́. Ogún lítà tún ti lọ."

"Ibo ni ó gbà lọ?" ni Kàrímọ́tù bi í.

"Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì."

Kàrímọ́tù dìde. Ó wo inú ìkòkò, ó wo ẹ̀yìn ìkòkò, ó wo abẹ́ tábìlì. Kò sí ìdí kan tí ó fi yẹ kí ẹ̀wà wà lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé ibi tí kò sídìí láti wò ni ẹnì kan yóò bèèrè lọ́la bóyá ó wò ó.

"Olè tí ó bá lè jí ogún lítà ẹ̀wà gbígbóná lójú mi," ni ó wí, "kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí a rán an lọ. Ó yẹ kí a gbà á sí iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Bridget, igbákejì alásè, rẹ́rìn-ín. Màmá Salome, olórí àwọn alásè, kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1981 ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní ọ̀nà Felele, níbi tí ìlú Lọ́kọ́ja ti ń tán lọ nígbà náà, igba akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ̀wà: Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, Màmá Salome ni ó ń sè é, kò sì sí ẹni tí ó ka korobá rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gbé Ọláníyì wá láti Ìlọrin láti máa ṣe alákòóso sítọ̀. Ọmọ Ìjùmú ni, ó kàwé, kò mu ọtí, kò sì gba ẹ̀bùn. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ ìwé ìṣirò kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: kìlò mẹ́ta ẹ̀wà gbígbẹ, bí a bá sè é, yóò di lítà mẹ́wàá.

Ìṣirò náà kò le. Mẹ́ta wọ inú mẹ́rìnlélógún lọ́nà mẹ́jọ. Nítorí náà, korobá mẹ́jọ ni ó yẹ kí ó máa jáde. Láti oṣù kan tí ó ti ń kà á, kò ju mẹ́fà lọ rí. Ọláníyì ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn: korobá méjì jẹ́ kìlò mẹ́fà ẹ̀wà gbígbẹ. Kìlò mẹ́fà ní Ọjọ́rú, kìlò mẹ́fà ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan sì ni ó di kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná mú.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ fún Màmá Salome. Lẹ́yìn èyí, nítorí pé ó ti jẹ ẹ̀wà obìnrin náà fún ọdún mọ́kànlá tí ẹ̀rí ọkàn sì ń gún un, ó ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni ó dá fún ara rẹ̀ láti fi ọwọ́ sí lẹ́tà náà, àyàfi bí ọlọ́pàá bá rí olè mìíràn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú sì ti dé.

*

"Ẹ jẹ́ kí n ran yín lọ́wọ́," ni Ọláníyì wí. "Ní aago méje, Bridget gbé bàsíà kan tí ó fi aṣọ bò gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo rí i láti fèrèsé sítọ̀. Ṣé ẹ̀yin rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ sì jẹ́ kó lọ?"

"Mo jẹ́ kí ó lọ, mo fi ojú tẹ̀ lé e, mo sì ní kí ó má tíì dà á. Bridget, bàsíà dà?"

Bridget gbé e wá. Ọmọ Ígálà ni, ara rẹ̀ yá gágá. Òkúta wẹ́wẹ́, èèpo, àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ nínú ni ó wà nínú bàsíà náà. Adìẹ mẹ́ta sì tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná.

"Sájẹ́ǹtì, bí ẹ bá máa mú mi, ẹ mú àwọn wọ̀nyí náà," ni ó wí. "Àwọn ló ń gba ẹrù olè lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé tí o fi aṣọ bò ó?"

"Bí mi ò bá bò ó, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ò rí ojú wọn ni?"

Kàrímọ́tù gbé bàsíà náà lọ sórí òṣùwọ̀n sítọ̀. Ó ṣa òkúta kúrò, ó yọ bàsíà fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ̀wà tí ó kù jẹ́ gíráàmù irínwó, kò tó ààbọ̀ kìlò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Kìlò mẹ́fà ni mò ń wá," ni ó sọ fún Ọláníyì. "Adìẹ ti gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ṣì ń wá ju kìlò márùn-ún lọ."

"Ẹ wo ilé ìyá náà ní Natako, nígbà náà. Àpò ẹ̀wà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó rí i ni ó sọ fún mi."

Màmá Salome ń nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Kò gbé ojú sókè.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Yàrá kan ni Màmá Salome ní ní Natako, ó sì mọ́ tónítóní bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kó tó jẹ́ kí Kàrímọ́tù wo abẹ́ ibùsùn, ó fún un ní omi.

"Ọ̀kún o," ni ó wí.

"Ọ̀kún o, Màmá," ni Kàrímọ́tù dáhùn. Ọmọ Òwòrò ni, orí òkè ni abúlé bàbá rẹ̀ wà, ẹ̀wà sì ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Màmá Salome jẹ́ ọmọ Bùnú. Ìkíni yẹn tó láti fi sọ fún àwọn méjèèjì pé wọn kò jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni láre. Kàrímọ́tù kúnlẹ̀, ó wọ́ àpò náà jáde.

Ó kún dé ààbọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló fún un yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Oko rẹ̀ ni."

"Olóyin ni."

"Olóyin ni."

Ẹ̀wà pupa kéékèèké. Ti ilé-ẹ̀kọ́ tóbi, ó funfun, ojú dúdú ni ó ní. Kàrímọ́tù da ẹ̀kúnwọ́ náà padà, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ọlọ́pàá mìíràn ì bá ti gbé àpò yìí lọ," ni ó wí.

"Ọlọ́pàá mìíràn á gbé e lọ sílé, kó sè é, kó wá sọ pé òun fi ń ṣe ẹ̀rí." Màmá Salome jókòó sórí àpótí. "Ọmọ mi, bí mo bá fẹ́ jí ẹ̀wà, ṣé n óò jí funfun kí n tó wá máa fi osùn kùn ún?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àpò yìí kò sọ pé ẹ kò jí ti ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó sọ ni pé ti ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni èyí."

"O le bí ọkùnrin yẹn."

"Mo le jù ú lọ. Ó ní ẹnì kan lọ́kàn. Èmi kò ní ẹnì kankan."

Ohùn Màmá Salome rọ̀.

"Mo mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo bọ́ ọ láti kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹkún ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í tẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mò ń sọ. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá ti pe alásè ní olè, kò sí ẹni tí kò ní kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ abọ́ kí ó tó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bọ́ ti di dókítà. Wọ́n ń dúró kí mi lójú títì. Ṣé kí wọ́n máa kí mi kí wọ́n sì máa di àpò wọn mú?"

Kàrímọ́tù kò ṣèlérí. Kò gbà gbọ́ nínú ìlérí. Ó ti àpò náà padà sábẹ́ ibùsùn, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Kí lẹ máa ń fi sí ẹ̀wà náà tó fi máa ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo ki ìgbákọ bọ̀ ọ́ lónìí, ìgbákọ dá dúró."

"Káún ni. Bí kò bá fọ́, àwọn ọmọ kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó ń yí lábẹ́ eyín bí òkúta."

Kàrímọ́tù kọ ìyẹn náà sílẹ̀, láìmọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó ní àgọ́, ó sì kọ gbogbo ohun tí ó dá a lójú sórí ìwé kan. Kò gùn.

Kìlò mẹ́rìnlélógún wọ ilé ìdáná. Òun ni ó ka òṣùwọ̀n. Kò sí ohun tí ó jáde àyàfi oúnjẹ adìẹ. Òun ni ó fi ojú tẹ̀ lé e. Korobá mẹ́fà ni ó jáde nínú ìkòkò. Òun ni ó kà á.

Ó wo ìwé náà títí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí fún un, ì bá ti wí pé ọ̀kan nínú wọn irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ ni ó rí i. Nígbà náà ni ó ṣàkíyèsí pé ohun kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí òun kò fi ojú rí, tí kò sì sí lórí ìwé náà rárá. Kò rí mẹ́jọ. Kò sí ẹni tí ó rí korobá mẹ́jọ rí, yálà òun, tàbí Màmá Salome, tàbí Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé. Láti oṣù kan, gbogbo ènìyàn ni ó ń bi mẹ́fà léèrè pé kí ló dé tí kò pé. Kò sí ẹni tí ó bi mẹ́jọ léèrè ibi tí ó ti wá.

Kí a tó wá ẹni tí ó jí ẹran, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ẹran wà ní ìso.

Ó ká ìwé náà, ó sì wọkọ̀ lọ sí Karaworo, níbi tí Ọláníyì ń gbé.

*

Ìyàwó Ọláníyì ni ó ṣílẹ̀kùn. Adéòkè ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó fún àlejò rẹ̀ ní àga tí ó dára jù, ó sì jókòó sórí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ọláníyì, tí ó wálé jẹun ọ̀sán, dìde dúró.

"Ẹ ti rí i?" ni ó bèèrè.

"Mo wá bèèrè nípa ìwé ìṣirò yín. Inú ìwé wo lẹ ti kà á?"

Ọláníyì na àyà. "Mi ò kà á nínú ìwé, Sájẹ́ǹtì. Ìwé àwọn òyìnbó, ẹ̀wà tiwọn ni wọ́n ń sọ. Mo dán an wò fúnra mi. Kìlò mẹ́ta, mo wọ̀n ọ́n. Ó jinná, a sẹ́ ẹ, mo dà á sínú korobá. Lítà mẹ́wàá gééré. Ojú mi ló ṣe."

"Ó ń sọ òtítọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ó dúró tì mí lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Níbí ni ẹ ti sè é?"

"Níbí. Ọjọ́ tí a sè ẹ̀wà fún àwọn ìbejì. Mo ti gbé ìkòkò kaná kí ó tó gbé korobá rẹ̀ dé."

Kàrímọ́tù fi ife omi sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀wà ìbejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ àdúgbò yìí pọ̀ bí eṣú."

"Báwo ni ẹ ṣe pín in fún wọn? Inú abọ́ ni?"

"Abọ́ kẹ̀? Ta ní ń fi abọ́ pín ẹ̀wà ìbejì? Wọ́n tò, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo ń bù ú síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé ẹ fi káún sí i?"

Ìyá Ìbejì wò ó bí ẹni tí ó bèèrè bóyá a ń fi iyọ̀ sí ọṣẹ.

"Ẹ̀wà tí mo fẹ́ bù sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Kí ó ṣàn dé ìgúnpá wọn? Odindi ni mo sè é. Ó jinná, ṣùgbọ́n kò fọ́. Mo fi asẹ́ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò pátápátá, kí n tó wá fi epo díẹ̀ ra á. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nílé wa nìyẹn."

Kàrímọ́tù bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ejìká rẹ̀ ń mì. Ọláníyì wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo àga ẹlẹ́sẹ̀ mímì tí ó jókòó lé.

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ sọ ẹni tó jí ẹ̀wà náà, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ bá mi gbé ìkòkò yín àti asẹ́ yín wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kìlò mẹ́ta. Ẹ sè é bí ẹ ṣe sè é fún àwọn ìbejì gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, ẹ̀yin ni kí ẹ wọ̀n ọ́n."

"Èmi? Ṣé ẹ kò fura sí mi?"

"Mo wá fura sí yín ni. Olóòótọ́ ènìyàn lẹ jẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ mi."

*

Ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ilé ìdáná kún. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wá, ó mú lẹ́tà náà dání nínú àpò-ìwé aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń mú un bí ẹni tí ó mú abọ́ gbígbóná. Ìkòkò ńlá ilé-ẹ̀kọ́ wà ní apá ọ̀tún, kìlò mẹ́rìnlélógún tí Màmá Salome fi káún sè. Ìkòkò Ìyá Ìbejì wà ní apá òsì, kìlò mẹ́ta odindi. Láti àárọ̀ ni àwọn obìnrin méjèèjì ti ń wo ìkòkò ara wọn láìsọ̀rọ̀.

"Ẹ̀wà yẹn ò jinná," ni Màmá Salome sọ níkẹyìn.

"Ó jinná, Màmá. Kò kàn tíì kú ni."

Wọ́n sẹ́ ti Ìyá Ìbejì, wọ́n dà á sínú korobá. Ó kún dé ojú ìlà lítà mẹ́wàá gééré.

"Ẹ rí i," ni Ọláníyì wí. "Kìlò mẹ́ta, lítà mẹ́wàá. N kò purọ́."

"Ẹ kò purọ́," ni Kàrímọ́tù wí. "Màmá Salome, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ odó yín wá. Ẹ fọ́ ẹ̀wà inú korobá yìí fún mi. Ẹ rọra, kó má dà nù."

Màmá Salome kò béèrè ìdí. Ó ki ọmọ odó bọ inú korobá náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìbejì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n ń fá irun ọmọ rẹ̀. Ẹ̀wà náà ń lọ sílẹ̀. Ó fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀, ó kọjá mẹ́sàn-án, ó kọjá mẹ́jọ. Nígbà tí kò sí odindi kan mọ́ nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ tẹ́jú láàárín ìlà mẹ́jọ àti ìlà méje.



"Lítà méjì ààbọ̀ ti lọ," ni Kàrímọ́tù wí. "Ta ló jí i?"

"Màmá Salome ni," ni Bridget wí. "Gbogbo wa la rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé súnmọ́ korobá náà, ó tẹ̀ síwájú, ó wo inú rẹ̀. "Níbo ló lọ?"

"Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, ẹ ka òṣùwọ̀n sókè."

Ọláníyì gbé korobá náà lé òṣùwọ̀n. Ó yọ ìwọ̀n korobá kúrò. "Kìlò méje ààbọ̀," ni ó wí.

"Ẹ gbé korobá kìn-ín-ní ti ilé-ẹ̀kọ́ lé e báyìí. Òun náà jẹ́ lítà mẹ́wàá."

Ọláníyì gbé e. Ó kà á. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e padà, ó sì fi ìka nu ojú òṣùwọ̀n.

"Mélòó?" ni ọ̀gá àgbà bèèrè.

"Kìlò mẹ́wàá, sà."

"Ẹ wọ̀n wọ́n tán," ni Kàrímọ́tù wí.

Korobá márùn-ún jẹ́ kìlò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹkẹfà, tí ẹ̀wà rẹ̀ kò kọjá ọrùn, jẹ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó fi dé ibẹ̀, Ọláníyì ti ń ṣírò láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Kìlò mẹ́ta gbígbẹ di kìlò méje ààbọ̀," ni ó wí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mẹ́rìnlélógún yẹ kó di ọgọ́ta. Ọgọ́ta ni ó yẹ. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo rí."

"Adìẹ gba gíráàmù irínwó lọ́wọ́ mi lónìí náà," ni Bridget wí. "Ẹ bá mi sọ ọ́ di sísè."

Ọláníyì sọ ọ́ di sísè. Kìlò kan ni. Kò sí ẹ̀wà kan ṣoṣo tí ó kù lójú ọ̀nà.

"Ọ̀gá," ni Kàrímọ́tù sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, "ẹ̀wà odindi kì í sùn ti ara rẹ̀. Àlàfo wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú àlàfo náà. Ti Màmá Salome ti fọ́, kò fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń wo bí ó ti gba àyè tó, tirẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó kéré. Bí ẹ bá wo bí ó ti wúwo tó, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì fi korobá wọn ẹ̀wà ìbejì, ó wá fi ìwọ̀n yẹn ṣe ìdájọ́ ẹ̀wà ilé-ẹ̀kọ́. Ogún lítà tó ń wá látoṣù kan, afẹ́fẹ́ ni. Òun ni olè náà, kò sì sí ìwé àṣẹ tí a lè fi mú un."

Màmá Salome ṣì di ọmọ odó mú. Ó ń wo ẹnu gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ohun tí ẹ ń wá láti oṣù kan nìyẹn?" ni ó bèèrè. "Iṣu tó kún ìkòkò, bí a bá gún un tán, ṣé ó ń kún odó? Ta ni ó ti mú ẹni tó gún iyán ní olè rí?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, Màmá?" ni Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wí.

"Ẹ bi mí bóyá mo jí ẹ̀wà. Mo ní n kò jí i. Kò sí ẹni tó bi mí bí ẹ̀wà ṣe ń rí."

Ọláníyì bọ́ síwájú. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sínú àpò. Ó ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó wo ilẹ̀, omi ẹ̀wà sì ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀.

"Mo ṣe àṣìṣe, Màmá. Ìṣirò mi dára. Ohun tí mo fi ṣe é ni kò bá a mu. Ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi. O ò dára ní odindi, bóyá wàá dára bí a bá fọ́ ọ." Ó fi ọmọ odó kan ejìká rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. "Ìyàwó rẹ ló máa fọ ẹ̀wù yẹn, ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀ náà."

"Èmi ni mo bí ìbejì, Màmá," ni Ìyá Ìbejì wí. "Gbogbo rẹ̀ ló di ẹ̀bi mi."

Aago méjì lù láti ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé fa lẹ́tà náà yọ. Ó wò ó, ó wá ibi tí òun ì bá ti fà á ya, kò sì fà á ya. Ó yí i padà sí ojú tí kò ní ọ̀rọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gba bírò lọ́wọ́ Ọláníyì.

"Ẹ pè é fún mi," ni ó wí.

Ọláníyì pè é: kìlò mẹ́ta gbígbẹ, kìlò méje ààbọ̀ sísè, bí ó bá jẹ́ odindi, lítà mẹ́wàá, bí ó bá fọ́, lítà méje ààbọ̀. Ọ̀gá àgbà kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ó sì fi ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ti múra sílẹ̀ láti fi ọwọ́ sí nǹkan kan ní aago méjì.

Màmá Salome gba ìwé náà. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó wo iwájú rẹ̀, níbi tí akọ̀wé ti ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún yí i síbi tí ó yẹ. Ó lọ sídìí ògiri, ó ní kí Bridget bá òun wá ìṣó.

"Mélòó, Màmá?"

"Mẹ́rin. Igun kọ̀ọ̀kan ni kí o kàn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìwé náà mọ́ ògiri pẹrẹsẹ. "Mo ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ afẹ́fẹ́. N kò fẹ́ kí ó wá yí i padà."